Ìbéèrè tí àwọn ará ń béèrè lemọ́lemọ́ nípa ìpínyà ọkàn àti ìfọkànsìn sí Kristi

Kí ni ìpínyà ọkàn? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn síni. Ẹ wo Màtá nínú Lúùkù 10:38-42. Àlejò ló ń ṣe, Jésù fúnra rẹ̀ sì ni àlejò náà. Ta ló máa bá a wí? Àmọ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò fún un ní ẹsẹ 40 fi hàn pé wọ́n ń fà á síbí, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, títí tí kò fi lè jókòó ti ẹni tó torí rẹ̀ ń sáré. Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò nínú 1 Kọ́ríńtì 7:35, níbi tó ti fẹ́ kí a máa sin Olúwa láìsí ìyapa ọkàn, gbòǹgbò kan náà ló ti wá.

Nítorí náà, ìpínyà ọkàn ni ohunkóhun, ì báà dára ì báà burú, tó ń fa ọkàn kúrò lọ́dọ̀ Jésù nígbà tí ara ṣì wà níbẹ̀.

"Ayé" tí Bíbélì ní ká má fẹ́ràn, kí ni?

Ọ̀rọ̀ kan ni, ọ̀nà tí Bíbélì gbà lò ó pọ̀. Ọlọ́run fẹ́ aráyé (Jòhánù 3:16), ayé sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ti 1 Jòhánù 2:15-17 yàtọ̀. Jòhánù fúnra rẹ̀ là á sílẹ̀: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú, àti ìréra ayé. Kò dárúkọ ilé, aṣọ tàbí iṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tó ń wo ilé àti aṣọ náà ló ń sọ.

Ìyẹn ni ẹnì kan fi lè má ní nǹkan kan lọ́wọ́ kí ayé sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Kí ni ìfọkànsìn tó dá lé Kristi? Ṣé lílọ sí ìsìn déédéé kò tó ni?

Ìsìn ṣe pàtàkì, Hébérù 10:25 sì kìlọ̀ pé ká má kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè wà nínú ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó má bá Jésù sọ gbólóhùn kan. Ìfọkànsìn tó dá lé Kristi ni pé òun gan-an là ń wá: ká mọ̀ ọ́n, ká gbọ́ ohùn rẹ̀, ká ṣe ohun tó wí, kí inú wa sì máa dùn sí i ju ohun tó lè fún wa lọ. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú Fílípì 3:8 pé òun ka ohun gbogbo sí òfò nítorí ìtayọ mímọ Kristi Jésù.

Jésù sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú nínú Jòhánù 5:39-40: ẹ ń wá inú Ìwé Mímọ́ kiri, òun náà ló ń jẹ́rìí mi, síbẹ̀ ẹ kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò tíì ka ẹsẹ náà rí kó má dá mi dúró.

Ṣé ó burú kí Kristẹni máa wo bọ́ọ̀lù, kó wo fíìmù tàbí kó ní fóònù olówó ńlá?

Kò sí ẹsẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì ní fi òfin tí Ọlọ́run ò ṣe di ẹrù ru ẹnikẹ́ni. Ìlànà Pọ́ọ̀lù nínú 1 Kọ́ríńtì 6:12 ni ká dì mú: ohun gbogbo ló tọ́ fún mi, ṣùgbọ́n èmi kì yóò jẹ́ kí ohunkóhun jọba lé mi lórí. Ẹ pa ohun náà tì fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ wò ó. Bí ara yín bá ń gbọ̀n, tí ìbínú ń dé láìnídìí, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá.

Kí ló dé tí fóònù fi lágbára tó báyìí lórí ọkàn wa?

Nítorí pé wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Láyé àtijọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé a máa parí nísàlẹ̀. Ẹni tó ń kà á á dúró díẹ̀, á bi ara rẹ̀ bóyá kóun máa lọ ni. Ní ọdún 2006, Aza Raskin, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rí, hùmọ̀ ojú ìwé tí kì í tán: bí ìka ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni tuntun ń yọ. Ibi tí èèyàn ti ń dúró ronú ni wọ́n mú kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Nígbà tó di ọdún 2009, Facebook fi bọ́tìnì "Like" kún tiwọn, èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbẹ̀ kó lè wo iye ẹni tó fẹ́ràn ohun tóun sọ.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ yìí, ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń jẹun. Ìṣẹ́jú tí ojú yín bá fi wà níbẹ̀ ni wọ́n ń tà. Nítorí náà, ẹ má kàn bú ara yín ní ọ̀lẹ nígbà tí ọwọ́ yín bá ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí ọwọ́ yín yóò ṣe máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìpinnu inú ọkàn nìkan kò ní tó.

Ẹ̀yin wá ní kí n ṣe kí ni?

Kí ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn ni. Ẹ fi sí yàrá mìíràn lálẹ́ kó máa gba iná níbẹ̀. Ẹ ra aago tó ń jíni, kó má jẹ́ pé fóònù ni yóò máa jí yín. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú bá rí láàárọ̀ ló sábà máa ń gba ọkàn. Ẹ pa gbogbo ìró àti ìkìlọ̀ rẹ̀, àfi ti ìpè. Kí ẹ sì pinnu lálẹ́ àná ibi tí ẹ máa kà nínú Bíbélì, kó má jẹ́ pé òwúrọ̀ ni ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ṣé Bíbélì orí fóònù kò dára ni?

Ó dára, ó sì ti gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dé ọwọ́ ẹni tí kò bá máà ní Bíbélì rárá. Fún àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Bíbélì tí a tẹ̀ sórí ìwé ni mo máa ń gbà yín nímọ̀ràn. Mo kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fóònù láti ka Sáàmù 27. Ìròyìn kan já bọ́ lókè ojú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, orúnkún ti ń ro mí, ilẹ̀ ti mọ́ gbangba, Sáàmù náà ṣì wà níbi tí mo ṣí i sí, mi ò tíì ka ẹsẹ kan. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèyàn.

Mi ò ráyè. Iṣẹ́, ọmọ, ìrìn àjò. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré tí ẹ lè ṣe lójoojúmọ́. Àwọn ìwé ìhìn rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orí 89 lápapọ̀. Orí 3 lójúmọ́ yóò gbé yín la gbogbo rẹ̀ já láàárín ọjọ́ 30. Bí orí 3 bá pọ̀ jù, ẹ ka 1. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti tú ká, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè padà rí Jésù fúnra rẹ̀: bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹni tó fọwọ́ kàn, ohun tó mú un sunkún.

Jésù náà kò ráyè. Ẹ ka Máàkù orí 1: ó kọ́ni nínú sínágọ́gù, ó lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, ó wo ìyá ìyàwó Símónì sàn, nígbà tí oòrùn wọ̀ gbogbo ìlú rọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ 35 ni pé ó dìde ní kùtùkùtù, ó lọ sí ibi aṣálẹ̀, ó ń gbàdúrà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá a kàn, wọ́n ní gbogbo èèyàn ń wá a. Ohun tó wú mi lórí ni pé kò padà síbi tí wọ́n ti ń pè é. Ó ní kí àwọn lọ sí ìlú mìíràn, nítorí ìdí nìyẹn tóun fi wá. Ibi àdúrà yẹn ló ti jáde wá pẹ̀lú ohun tó yẹ kó ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ọwọ́ ń jí lóru, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi wákàtí méjì kúnlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkàn yín wà níbẹ̀ sàn ju wákàtí tí ẹ fi sùn lórí orúnkún.

Bí mo bá ń gbàdúrà, ọkàn mi a máa rìn kiri. Ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi?

Ọlọ́run mọ̀ pé erùpẹ̀ ni wá, Sáàmù 103:14 sọ ọ́. Ọkàn tó rìn lọ tí ẹ sì pè padà, ìpadà yẹn náà àdúrà ni. Bí ẹ bá pè é padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ti yíjú sí Olúwa lẹ́ẹ̀mẹwàá nìyẹn.

Àwọn ohun tó ń ran èèyàn lọ́wọ́: ẹ gbàdúrà síta, kí etí yín máa gbọ́ ohun tí ẹnu ń sọ. Ẹ fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí nǹkan tí ẹ gbàgbé bá sọ sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa bá àdúrà lọ. Tàbí kí ẹ sọ ohun tó ń fa ọkàn yín náà di àdúrà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré lọ sọ́dọ̀ gbèsè tó jẹ, kó sọ̀rọ̀ gbèsè náà fún Olúwa.

Ṣé kí n kúkú sá fún ayé, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Jésù kò gbàdúrà pé kí Baba mú wa kúrò ní ayé, pé kó pa wá mọ́ kúrò nínú ibi ló gbà (Jòhánù 17:15). Áńtónì ará Íjíbítì, tó kú ní nǹkan bí ọdún 356, fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ ó sì wọ aginjù lọ. Ọlọ́run lò ó gan-an, àmọ́ àwọn tó sọ ìtàn rẹ̀ kò fi pamọ́ pé ogun ọkàn tẹ̀ lé e débẹ̀. Aginjù kì í pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́.

Dáníẹ́lì wà láàfin ọba, ó ń bójú tó iṣẹ́ ìjọba ńlá, ó sì ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ (Dáníẹ́lì 6:10). Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Arákùnrin Lawrence ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní Paris; ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n títí tó fi kú ní ọdún 1691 ni pé ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárín ìkòkò àti àwo bí ẹni wà lórí ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́ yín lè di ibi ìjọsìn. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fipá mú yín purọ́ tàbí jalè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ wá òmíràn.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́ ọmọ nínú èyí? Gbígba fóònù lọ́wọ́ wọn kò ṣiṣẹ́.

Kò lè ṣiṣẹ́ bí ọmọ bá ń rí fóònù lọ́wọ́ yín nídìí oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, pàápàá ara yín. Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley, bí ọmọ 19, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Ó ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run lóun nìkan. Ti John bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, nígbà tó sì dàgbà tó jìnnà sílé, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ nípa alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ṣì ń wù ú.

Iṣẹ́ ìjọ ni mò ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ìyẹn náà lè jẹ́ ìpínyà ọkàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè yìí ló sì ń dùn mí jù, torí pé àwọn tó ń béèrè rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Mo mọ arákùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn nínú ìsìn. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára bọ́tìnì, etí rẹ̀ kì í kúrò lára gbohùngbohùn. Ó ní, "Mo mọ̀ bí ohùn pásítọ̀ ṣe dún ní gbogbo ọdún tó kọjá. Mi ò lè rántí ohun tó wí."

Ẹ ka lẹ́tà tí Olúwa fi ránṣẹ́ sí ìjọ Éfésù nínú Ìfihàn 2. Ìjọ tí Pọ́ọ̀lù fi nǹkan bí ọdún 3 kọ́ pẹ̀lú omijé ni (Ìṣe 20:31). Olúwa yìn wọ́n fún iṣẹ́, fún làálàá, fún sùúrù, pé wọ́n dán àwọn èké àpọ́sítélì wò, pé àárẹ̀ kò mú wọn. Ìjọ wo ni kò ní fẹ́ gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ 4 ló wá dé: "Ìwọ ti fi ìfẹ́ ìṣáájú rẹ sílẹ̀." Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀kọ́ mọ́, ìfẹ́ ti lọ. Olúwa kò sì fojú kékeré wò ó. Ó ní bí wọn kò bá ronúpìwàdà, òun yóò ṣí ọ̀pá fìtílà wọn nípò.

Mi ò sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ lọ bá olórí yín, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ jókòó láàárín ìjọ láìsí ẹrù iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olórí ìjọ náà, ẹ má ṣe pe ẹni tó bá béèrè èyí ní ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó ń fẹ́ gbé ọkàn rẹ̀ là ni.

Ṣé a lè fẹ́ràn pásítọ̀ tàbí akọrin débi pé ó di ìdènà?

A lè ṣe é, ìjọ Kọ́ríńtì ṣe é. "Ti Pọ́ọ̀lù ni mí", "ti Àpólò ni mí". Pọ́ọ̀lù kò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òun lẹ́yìn. Ó ní èmi gbìn, Àpólò bomi rin, Ọlọ́run ló mú un dàgbà (1 Kọ́ríńtì 3:6). Ìránṣẹ́ tó ń tọ́ka sí Jésù, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Bí ìwàásù bá parí tó jẹ́ pé ọlá oníwàásù nìkan lẹ gbé relé, ẹ ṣọ́ra.

Ìbùkún, ìmúláradá, ìlẹ̀kùn ṣíṣí: ohun tí mo ń gbàdúrà fún nìyẹn. Kí ló burú níbẹ̀?

Kò burú láti béèrè. Jésù fi oúnjẹ òòjọ́ sínú àdúrà tó kọ́ wa. Ẹ kàn wo ibi tó fi í sí. Orúkọ Baba ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ìjọba rẹ̀, lẹ́yìn náà ìfẹ́ rẹ̀; oúnjẹ wa ló ṣe ìkẹrin (Mátíù 6:9-11). Ọ̀pọ̀ wa la ti yí i padà: oúnjẹ ni ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ni òpin, orúkọ Baba sì di ohun tí a fi ń parí àdúrà.

Lẹ́yìn tí Jésù fi ìṣù àkàrà 5 àti ẹja 2 bọ́ nǹkan bí 5,000 ọkùnrin, wọ́n fẹ́ fi tipátipá fi í jọba. Ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá a kàn lódìkejì òkun, ó sọ ọ́ sójú wọn: ẹ ń wá mi nítorí pé ẹ jẹ àkàrà yó (Jòhánù 6:26). Nígbà tó wá sọ pé òun gan-an ni oúnjẹ ìyè, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àkàrà ni wọ́n fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni wọn ò fẹ́.

Ẹ kọ àdúrà yín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹ fi ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ ti béèrè láti mọ Jésù sí i. Ẹni tí kò bá rí ibì kankan fa ìlà sí, kó mọ ibi tó kù sí.

Mi ò ní ìmọ̀lára kankan mọ́. Bí mo bá ń gbàdúrà nìṣó, ṣé kì í ṣe àgàbàgebè?

Rárá. Àgàbàgebè ni ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó ní ohun tí kò ní. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ tó ní, "Olúwa, inú mi gbẹ, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ", òtítọ́ ló ń sọ. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ nínú ìdààmú ó sì parí sínú òkùnkùn, kò sí ìyìn nígbẹ̀yìn rẹ̀, Ọlọ́run sì fi í sínú ìwé. Ní Gẹtisémánì, nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni Jésù tún sọ (Mátíù 26:44). Kò wá ọ̀rọ̀ tuntun.

Ẹ tún wo ara yín. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà ní kí òun kúkú kú. Áńgẹ́lì tó wá kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Ó jẹ́ kó sùn, ó jí i kó jẹun, ó tún sùn, ó tún jí i kó jẹun. Nígbà míì, oorun ni ohun tí ọkàn tó gbẹ nílò. Bí ìbànújẹ́ náà bá pẹ́ tó sì wúwo, tí oorun àti oúnjẹ kò gbà yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú ìjọ. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti tutù. Mo ti bá ayé lọ pátápátá. Ṣé mo ṣì lè padà?

Àwọn èèyàn sábà máa ń dárúkọ Démà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ nínú 2 Tímótì 4:10 pé, "Démà ti kọ̀ mí sílẹ̀, nítorí ó ń fẹ́ ayé ìsinsìnyí." Ìdùnnú kọ́ ni láti kà á. Ẹni tó wà lára àwọn alábàáṣiṣẹ́ Pọ́ọ̀lù nínú Fílémónì 24 ni, Bíbélì kò sì sọ fún wa bóyá ó padà.

Àmọ́ ẹ má dúró ní ẹsẹ 10. Nínú Fílémónì yẹn, Máàkù wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú Démà, Máàkù sì ti sá rí. Ní Pẹ́gà ló ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó padà sí Jerúsálẹ́mù (Ìṣe 13:13), ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dá ìjà tó gbóná sílẹ̀ láàárín Pọ́ọ̀lù àti Bánábà débi pé wọ́n pínyà. Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún gorí ọdún. Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ikú ti sún mọ́ ọn, ó sì kọ̀wé sí Tímótì. Ẹsẹ 10 ni Démà lọ. Ẹsẹ 11 ni: "Mú Máàkù wá pẹ̀lú rẹ, nítorí ó wúlò fún mi."